Dúródèmí àti Àwo Ìjù

Àwo náà fò kọjá lórí Dúródèmí, fìrìrìrì, ó lọ balẹ̀ lẹ́bàá òkúta, ohùn kan sì jáde láti inú rẹ̀ bí ohùn obìnrin tí iṣẹ́ ti sú: "Ó bọ́."

Dúródèmí ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ etí òsì rẹ̀. Ó họ ọ́ dé ibi tó dùn mọ́ ọn, ó mí kanlẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sínú eruku.

"Ìwọ ajá yìí," Ọdẹ́bùnmi wí, "ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ó rìn lọ mú àwo náà. Ìgbà kọkànlélógójì nìyí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìkan. Àwo rọ́bà pupa ni, kò fẹ́ ju ọmọrí ìkòkò ọbẹ̀ lọ, Ilé Ìwúlò, tó ń pín omi àti iṣẹ́ fún ìlú, sì ti tẹ nọ́ńbà ilé wọn sí ìdí rẹ̀. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú láàárín rẹ̀. Bí eyín ajá bá dé e mọ́ inú afẹ́fẹ́, á ní, "Ó hán an." Bó bá kan ilẹ̀ kí ajá tó dé ibẹ̀, á ní, "Ó bọ́." Láti ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n ti gbé e fún un, èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ni etí Ọdẹ́bùnmi tíì gbọ́.

Lókè, lórí àwọn òrùlé Òkè-Àṣàmú, àwọn gíláàsì oòrùn tò lọ rẹrẹẹrẹ, wọ́n ń dúró dè é. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Láti aago méje àárọ̀ títí oòrùn á fi fẹ́ wọ̀, orí òrùlé ló ń gùn kiri tòun ti àkísà gbígbẹ, torí kò sẹ́ni tó jẹ́ fi omi nu gíláàsì mọ́. Ó mú àwo, ó pe ajá, wọ́n forí lé ilé.

Ní ẹnu ọ̀nà, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ojú ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ náà ka ọwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro omi tín-ín-rín sínú kẹ́ẹ̀gì.

"Ẹnu mẹ́ta," ó wí. "Ẹnu kan níṣẹ́. Ẹnu kan ti dàgbà ju iṣẹ́ lọ. Ẹnu kan kò níṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù."

"Mo ti gbọ́," Ọdẹ́bùnmi dá a lóhùn, bí ẹni pé ẹ̀rọ máa ń tijú.

Ẹni tó dàgbà ju iṣẹ́ lọ ni bàbá rẹ̀, Ọdẹ́wándé. Ó jókòó sórí àga onítáyà rẹ̀ nínú àgbàlá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan bí ẹni pé ẹlòmíì ló gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ọdún méjì ni àìsàn ti dá a jókòó, ọdún méjì náà ni kò sì ti bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan. Bó bá kí i, á wò ó. Bó bá fún un lóúnjẹ, á jẹ. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ọ̀fun rẹ̀. "Ó kàn jọ pé ó ti dákẹ́ ni, mà," dókítà wí, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ajá yìí ló tú ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Láti inú àwọn oko tí wọ́n ti pa tì nísàlẹ̀ òkè ló ti tẹ̀ lé Ọdẹ́bùnmi wálé, ó rù, ó sì ń tiro. Ní ọjọ́ kẹta, Ọdẹ́bùnmi ń gbé àkàsù èkọ bọ̀ láti ilé ìdáná, ló bá gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú àgbàlá. Ó rò pé àlejò ni. Ó yọjú níbi ilẹ̀kùn, ó sì rí bàbá rẹ̀ tó tẹ orí wálẹ̀ sí etí ajá, tó ń sọ fún un, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, bí òjò ṣe máa ń rọ̀ láyé ìgbà tóun ń ṣọdẹ, tí òjò á rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí ẹran kankan ò ní jáde. "Dúródèmí," ló ń pe ajá náà. "Dúródèmí, ìwọ ò rí òjò rí ní tìẹ."

Ọdẹ́bùnmi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí èkọ fi tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó jáde, bàbá rẹ̀ pa ẹnu dé. Láti ìgbà náà ló ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn láràárọ̀, ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, kó tó lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ohùn bàbá rẹ̀ ló ń lọ jí gbọ́.

Ẹnu tí kò níṣẹ́ ni ajá yìí, ó sì ti wá ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí Ilé Ìwúlò tó dán an wò. Bí wọ́n bá dán ajá náà wò tí kò hán àwo tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú mẹ́wàá, wọn á fi ọkọ̀ funfun gbé e lọ sí Ilé Ìdákẹ́. Gbogbo ìlú mọ ohun tó wà ní Ilé Ìdákẹ́. Kò sí ohun tó wà níbẹ̀; ajá tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde mọ́.

*

Bàbá Súnmọ́lá, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkẹta sí tiwọn, ló ràn án lọ́wọ́. Àgbà ọkùnrin ni, ó ti kọ́ ajá méjì rí. Ó ti ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó di pé kò lè mára dúró mọ́.

"Ọdẹ́bùnmi," ó wí bó ṣe ń sọdá pápá, "ta ló sọ fún ọ pé ajá mọ̀ pé nǹkan tó ń fò ń jẹ́ tòun?"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ni kí n wá ṣe sí i? Mo jù ú, kò wò ó."

"Ìwọ náà, bí mo bá ju bàtà kọjá lórí rẹ, ṣé wàá sáré lé e? Gbé àwo yẹn sílẹ̀. Láti òní lọ, inú rẹ̀ ni kó o máa bu oúnjẹ rẹ̀ sí. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹun nínú nǹkan mìíràn."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Dúródèmí fi jẹun nínú àwo náà. Ní ọjọ́ kẹta, bó bá ti rí i lọ́wọ́ Ọdẹ́bùnmi, itọ́ á máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Súnmọ́lá wá ní kó fi ẹ̀gbẹ́ àwo náà gúnlẹ̀, kó máa yí i lọ lórí ilẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń yí táyà. Ajá náà sáré tẹ̀ lé e, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbé e padà wá, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Ó bọ́," àwo náà wí.

"Má dá a lóhùn," Bàbá Súnmọ́lá wí. "Kò mọ ohun tó ń lọ. Ó yá, jù ú báyìí. Má gbé apá sókè. Ọrùn ọwọ́ ni kó o lò, bí ẹni tó ń fẹ́ iná. Sí iwájú rẹ̀, má ṣe jù ú kọjá lórí rẹ̀. Má sì jẹ́ kó fò jù, ìbàdí rẹ̀ ò dára tó."

Ọdẹ́bùnmi jù ú. Ó lọ síbi tí kò rán an. Ó tún un jù. Nígbà tó ku ọjọ́ méjìlá kí ìdánwò dé, àwo náà lọ gbọọrọ ní ìwọ̀n orúnkún, Dúródèmí sá tẹ̀ lé e, ó na ọrùn, ó sì dé ẹnu mọ́ ọn, kàù!

"Ó hán an."

Ọdẹ́bùnmi kígbe. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó gbá ajá náà mọ́ra, ajá náà ń lá a lójú, àwo wà láàárín àwọn méjèèjì, ó ń ṣẹ́jú. Bàbá Súnmọ́lá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

Láti ọjọ́ náà, ṣe ló dà bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Lóòótọ́, ohun tí Ọdẹ́bùnmi ò tètè mọ̀ ni pé òun nìkan kọ́ ni olùkọ́. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń tẹ́tí, ló bá gbọ́ "Ó hán an" láti inú àgbàlá. Ó yọjú. Dúródèmí ti gbé àwo náà lọ fi lé itan bàbá rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ òsì, ọwọ́ kan tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, mú àwo náà, ó rọra fì í, ó jù ú sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.

"Hán an!" Bàbá wí, kì í ṣe ohùn gbígbọ̀n mọ́. Ohùn ọdẹ ni.

"Ó hán an."

"Ọmọ ọdẹ! Gbé e wá. Hán an!"

"Ó hán an."

Ọdẹ́bùnmi fi orí ti férémù ilẹ̀kùn. Ọjọ́ yẹn, aago méje àárọ̀ kọjá kó tó dé orí òrùlé, wọ́n sì bá a wí. Kò dùn ún.

*

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, Dúródèmí hán mọ́kànlá léra lójú Bàbá Súnmọ́lá. Ó hán èyí tó ga, ó hán èyí tó yà bàrá. Ó fò, ó yí ara padà nínú afẹ́fẹ́ bí ewé, ó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọdẹ́bùnmi yíjú sí Bàbá Súnmọ́lá kó lè rí ẹ̀rín rẹ̀. Kò rí ẹ̀rín kankan. Bàbá náà ti jókòó sórí òkúta, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Kí ló dé, sà?"

"Jókòó."

"Sà, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mi ò rò pé ó máa mọ̀ ọ́n tó báyìí," Bàbá Súnmọ́lá wí. "Ọlọ́run gbọ́, mi ò rò ó. Mo ní bó bá jàjà hán márùn-ún, ẹ ti bọ́ nìyẹn. Ọdẹ́bùnmi, ajá tó bá hán márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje, wọ́n á fún un níwèé. Á máa lé ẹyẹ kúrò lórí gíláàsì, á máa sùn sílé olówó rẹ̀. Èyí tó bá hán mẹ́jọ sókè, wọn kì í fi í sílẹ̀."

"Ibo ni wọ́n ń mú un lọ?"

"Etí Odò."

Ọdẹ́bùnmi mọ Etí Odò bí gbogbo èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni àwọn eṣú irin máa ń gbà wọlé láti òdìkejì, àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń fò bọ̀ wá fa omi adágún lọ. Bí èèyàn bá gbé ìbọn sí wọn, wọ́n á ti rí irin rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á yà. Ajá ni wọn kì í rí.

Ó wo àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí i nìyẹn.

"Eṣú irin ní abẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́," ó wí.

"Ó ní i."

"Ajá mélòó ló ti padà wá, sà?"

Bàbá Súnmọ́lá ní, "Ajá mi àkọ́kọ́ hán márùn-ún. Ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí, ó kú ikú àgbà. Ìkejì hán mẹ́sàn-án. Ṣe ni mo ń ṣògo káàkiri àdúgbò. Lóṣù kejì, wọ́n mú okùn ọrùn rẹ̀ wá fún mi nínú àpòòwé, wọ́n ní mo ṣeun."

Àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀. Dúródèmí dúró níwájú wọn, ìrù rẹ̀ ń jù fìrì-fìrì, ó ń wo àwo.

"Ó gbọ́dọ̀ kùnà," Ọdẹ́bùnmi wí nígbẹ̀yìn. "Kó kùnà díẹ̀. Kó má kùnà jù."

"Kọ́ ọ ní jíjókòó. Bó bá ti pé méje, kó o ní kó jókòó. Òfin gbà kí olówó ajá pàṣẹ." Bàbá Súnmọ́lá yíjú sí i. "Ṣé o ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún bàbá rẹ?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn, sà? Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Ta ló mọ ohun tó ń yé wọn? Bí mo bá ní wọ́n lè mú ajá yìí lọ, kí wọ́n tún wá dákẹ́ pátápátá ńkọ́?"

"Mo kàn bi ọ́ ni," Bàbá Súnmọ́lá wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ajá náà ní jíjókòó. Ó máa ń ju àwo, á ní "Jókòó!", bí Dúródèmí bá jókòó á fún un ní ègé ẹran gbígbẹ. Ajá náà gbọ́ ọ. Àmọ́ gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń gbọ̀n bó bá ti jókòó, ojú rẹ̀ á máa tẹ̀ lé àwo náà lọ, á sì sunkún lọ́fun wẹ́rẹ́ nígbà tí àwo bá balẹ̀. Ọdẹ́bùnmi ò lè wò ó lójú nígbà náà. Ohun tó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọ láti fẹ́ràn ló tún ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní àgbàlá, "Hán an!" ṣì ń lọ. Lọ́jọ́ kan, ó gbé àwo náà pa mọ́ sókè àpótí. Bàbá rẹ̀ jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán, ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí itan, ó ń wo ibi tí ajá ti máa ń gbé e wá. Kò sọ ohun kan sí ajá, kò sọ ohun kan sí ẹnikẹ́ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ọdẹ́bùnmi ti lọ gbé àwo náà wálẹ̀, ó fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sì bá ẹ̀yìnkùlé jáde kó má bàa gbọ́.

*

Ìwé Ilé Ìwúlò ní kí gbogbo ẹnu ilé wá. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Ọdẹ́bùnmi ti bàbá rẹ̀ lórí àga onítáyà dé pápá, Dúródèmí ń sáré lọ sáré bọ̀ níwájú wọn. Bàbá wọ bùbá àdìrẹ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sí i láàárọ̀ títí Ọdẹ́bùnmi fi mú un fún un.

Ọ̀gá tó wá láti Ilé Ìwúlò jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Bàbá, ó ní orúkọ òun ni Títílọpẹ́, ó gbé ẹ̀rọ tó ń ju àwo kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Àwo mẹ́wàá tò sínú rẹ̀ bí owó idẹ.

"Ẹ lè bá a sọ̀rọ̀, mà, ẹ ò kàn gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án," ó wí. "Bí ẹ bá ti múra tán, ẹ mi orí."

Ọdẹ́bùnmi ti àga bàbá rẹ̀ sábẹ́ òjìji ògiri. Ó fẹ́ kó jìnnà díẹ̀ sí i. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n rẹ̀. Ó wo ojú bàbá náà, ó rí i pé ó tutù, ó mọ́, ojú ẹni tó wá wòran ọmọ rẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá, ó mi orí.

Ẹ̀rọ náà tu àwo àkọ́kọ́ jáde.

"Ó hán an."

Ìkejì. "Ó hán an." Ìkẹta ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó kan òkúta. "Ó bọ́." Ọdẹ́bùnmi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúpẹ́ sókè. Ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà: ó hán an, ó hán an, ó hán an. Márùn-ún ti pé. Ajá náà kì í ṣe ẹni Ilé Ìdákẹ́ mọ́. Ìkeje lọ sí apá òsì, Dúródèmí gbà á nígbà tó ku ìka mẹ́ta kó balẹ̀. Mẹ́fà. Ìkẹjọ jáde kí Ọdẹ́bùnmi tó mí.

"Ó hán an."

Méje.

"Jókòó!" Ọdẹ́bùnmi wí. "Dúródèmí, jókòó!"

Ajá náà wò ó. Ìkẹsàn-án jáde, ó kọjá lórí rẹ̀, ó rọrùn bí èso tó pọ́n. Dúródèmí jókòó. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹkún ń dún lọ́fun rẹ̀.

"Ó bọ́."

Ọ̀gá Títílọpẹ́ gbójú sókè látinú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó wo Ọdẹ́bùnmi, ó wò ó pẹ́, ó sì gbójú kúrò. Ó kù kan ṣoṣo.

"Jókòó," Ọdẹ́bùnmi tún wí. "Ọmọ dáadáa. Jókòó síbẹ̀."

Ẹ̀rọ náà dún. Ìkẹwàá jáde, ó ga, ó ń yí, oòrùn gbà á mú, ó pọ́n yòò lójú ọ̀run.

"Dúródèmí!"

Ohùn náà jáde láti abẹ́ ògiri, ó kún, ó le, gbogbo pápá gbọ́ ọ. Bàbá ti dì mọ́ apá àga rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó ti gbé ara sókè, ojú rẹ̀ ń tàn. Ó rí ajá rẹ̀ tó jókòó bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, àgbà ọdẹ kan kò sì lè wo irú ìyẹn.

"Dúródèmí ọmọ mi! Hán an!"

Ọdẹ́bùnmi ya ẹnu láti kígbe. Ajá náà ti lọ. Ó ta bí ọfà, ó fi òkúta ṣe àtẹ̀gùn, ó gbé ara rẹ̀ sókè ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rí i rí lọ, ó sì wà níbẹ̀, lókè, fún ìgbà kan tó dà bí ẹni pé kò ní parí.

"Ó hán an," àwo náà wí.

*

"Ẹ jọ̀ọ́," Ọdẹ́bùnmi wí. "Ìkẹwàá yẹn, èmi kọ́ ni mo pàṣẹ. Ẹ̀yin náà gbọ́. Mo ní kó jókòó."

"Mo gbọ́, mà." Ọ̀gá Títílọpẹ́ ń ti okùn kan bọ ajá náà lọ́rùn, ó ń ṣe é jẹ́jẹ́. "Ẹ̀rọ ti kà á."

"Ẹ pa á rẹ́. Àwa mẹ́ta péré la wà níbí."

"Bó ṣe ń kà á náà ló ti ń lọ sí Etí Odò. Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́." Ó dìde. Ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú ìkà. "Bó bá wà lọ́wọ́ mi, mà... Èmi náà ní ẹnu mẹ́rin nílé. Ẹ má bínú."

Dúródèmí gun ẹ̀yìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fà á. Ó rò pé pápá mìíràn ni wọ́n ń lọ, ó gbé àwo kan sẹ́nu dání, ó ń wo Bàbá láti ojú fèrèsé. Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè sí i. Ọkọ̀ náà yí, ó gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ, eruku sì bò ó.

Ọdẹ́bùnmi di àga bàbá rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ sílé. Ó ń tì í kíákíá. Kò tíì tó ogún ìgbésẹ̀ tí ohùn kan fi sọ lábẹ́ rẹ̀ pé:

"Ọdẹ́bùnmi."

Ó dúró gbagidi. Ọdún méjì.

"Bàbá?"

"Ṣé o rí i?" Bàbá wí. Kò bojú wẹ̀yìn, iwájú ló ń wò. "Ṣé o rí bó ṣe gbé ara? Mo ti ní ajá mẹ́sàn-án láyé mi. Kò sí èyí tó fò tó bẹ́ẹ̀. Ó ti fẹ́ rẹ̀ ẹ́, mo rí i. Ṣe ló ku kí ẹnì kan pè é."

"Mo rí i, Bàbá."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa dá a padà?"

Ojú ọ̀nà gbẹ fúrúfúrú níwájú wọn. Ọdẹ́bùnmi ronú irọ́ kan, ó ronú ìkejì. Méjèèjì dára. Àmọ́ bàbá rẹ̀ ń dúró de èsì, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí bàbá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ó sì ti yé e wàyí pé gbogbo ohun tóun rò pé kò lè yé bàbá òun ló ti ń yé e. Ó yí àga náà padà. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láàárín títì, ó sọ fún un: mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, Etí Odò, eṣú irin, abẹ ẹ̀gbẹ́ wọn, ìdí tóun fi ní kí ajá náà jókòó. Kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán.

Ẹnu Bàbá ń mì. Ọdẹ́bùnmi ń wo ẹnu náà, ẹ̀rù ń bà á pé bóyá ó ti tún pa dé nìyẹn.

"Èmi ni mo pè é," Bàbá wí.

"Ẹ ò mọ̀, Bàbá. Èmi ni mi ò sọ fún yín."

"Ó ti jókòó. Èmi ni mo pè é, ó sì dáhùn." Ó na ọwọ́ òsì, ó fi nu eruku kúrò ní iwájú orí ọmọ rẹ̀, ọwọ́ náà kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. "Dìde. Máa tì mí lọ."

Ó dìde, ó bọ́ sẹ́yìn àga.

"Rọra," ni bàbá rẹ̀ wí. "Rọra máa tì mí, Ọdẹ́bùnmi. Má jẹ́ ká tètè délé."